Ọtí Àjàrà Tí A Pa Lẹ́nu Mọ́: Kí Ni Ó Wà Nínú Ìgò Porto?

Níbi ìkómọjáde, níbi ìgbéyàwó àti níbi ìsìnkú àgbà, yálà ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ, a máa ń rí ìgò kan tí ọtí inú rẹ̀ pọ́n bí osùn. Porto ni à ń pè é. Nítorí pé ó dùn, àwọn kan a máa pè é ní ọtí obìnrin, àwọn mìíràn a sì máa mu ún bí ẹni ń mu omi ṣúgà. Ọ̀nà méjèèjì ni ó kù díẹ̀ káàtó. Ọtí yìí ní ìtàn, ó ní òfin, ó sì ní agbára tí adùn rẹ̀ ń bò mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n kí a tó gbé e fún àlejò.

Ẹni tí ó bá mọ ẹmu ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Bí adẹ́mu bá sọ agbè kalẹ̀ lówùúrọ̀, ẹmu a máa dùn. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà, ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, ti wà nínú rẹ̀ tí ó ń jẹ ṣúgà rẹ̀, tí ó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Ìdí nìyí tí ẹmu fi ń hó. Nígbà tí yóò bá fi di ìrọ̀lẹ́, adùn ti dínkù. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Bákan náà ni omi èso àjàrà ṣe ń di wáìnì. Bí a bá fi í sílẹ̀, ìwúkàrà yóò jẹ ṣúgà rẹ̀ tán.

Ǹjẹ́ bí a bá fẹ́ kí adùn náà dúró ńkọ́? Ní àárín ìgbà tí ó ń hó, a ó da ọtí líle sí i. Ọtí líle náà yóò pa ìwúkàrà, ṣúgà tí ó ṣẹ́kù yóò sì wà níbẹ̀ títí. Àwọn Faransé ń pe iṣẹ́ yìí ní mutage, láti ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. A pa ọtí náà lẹ́nu mọ́: ariwo híhó rẹ̀ dákẹ́, adùn rẹ̀ sì kù.

Àfonífojì odò Douro ní ilẹ̀ Pọtogí ni a ti ń ṣe Porto. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí àjàrà tí a tẹ̀ bá ti ń hó, wọn a da ọtí líle tí wọ́n ń pè ní aguardente sí i, ní ìwọ̀n bí ẹyọ kan sí mẹ́rin. Bí sodabì ti rí sí ẹmu ni aguardente rí sí wáìnì, nítorí ọtí àjàrà ni wọ́n sè, tí wọ́n sì gba oruku ooru rẹ̀. Agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 77 nínú 100. Bí iṣẹ́ bá parí, agbára Porto fúnra rẹ̀ a wà láàárín ìdá 19 sí 22, nígbà tí ti wáìnì lásán kì í sábà ju 12 sí 14 lọ.

Porto nìkan kọ́ ni ọmọ inú ìdílé yìí. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, Banyuls, Maury àti Rivesaltes wà níbẹ̀. Ìtàn ibẹ̀ so mutage mọ́ oníṣègùn Arnau de Vilanova àti ọdún 1285. Ní Jerez ní Sípéènì, ẹ̀yìn tí ìwúkàrà bá ti jẹ ṣúgà tán ni wọ́n ń da ọtí líle sí i. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú ọtí ibẹ̀ kò fi dùn bíi ṣúgà. Ti erékùṣù Madeira yàtọ̀ pátápátá. Nígbà àtijọ́, àwọn atukọ̀ rí i pé ooru ojú òkun a máa mú un dára sí i, nítorí náà wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ooru tọ́ ọ lónìí.

Báwo ni a ṣe ń gbádùn rẹ̀? Kí a kọ́kọ́ wo ara ìgò. Bí a bá rí ruby, ọtí tí ó pọ́n tí ó sì ń ta sánsán bí èso tútù ni. Tawny ti pẹ́ nínú àgbá igi, àwọ̀ rẹ̀ ti ń lọ sí ti oyin, òórùn rẹ̀ sì jọ ti èso gbígbẹ. Nọ́ńbà 10, 20, 30 tàbí 40 tí a kọ sí i ń sọ bí ó ti pẹ́ tó. Vintage jẹ́ ti ìkórè ọdún kan ṣoṣo, inú ìgò ni ó sì ti ń dàgbà. Ó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, nítorí náà kí a rọra dà á sínú ohun mìíràn kí a tó bù ú. Nínú ooru tiwa, ó dára kí a fi ìgò tawny tàbí ruby sínú fìríìjì fún ìgbà díẹ̀ kí a tó ṣí i. Ẹ̀pà sísun àti wàrà tí a dín bá tawny mu. Bí a bá ti ṣí ìgò, vintage kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ruby lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tawny lè tó oṣù kan, ṣùgbọ́n Madeira lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò kan. Bí a bá bu Porto kún ife omi tí ó gba sẹ̀ǹtílítà 25, ọtí tí ó wà nínú rẹ̀ tó ti ìgò bíà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 33. Ife kékeré tí kò ju sẹ̀ǹtílítà 6 sí 8 lọ ni ó yẹ ẹ́, kí a sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Kò tọ́ sí aboyún, kò tọ́ sí ọmọdé, kò tọ́ sí ẹni tí yóò gun alùpùpù relé. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè kò pàdánù ohunkóhun. Ìmọ̀ rẹ̀ kò ní kí a mu ún.

Ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù nínú ìtàn Porto kò sí nínú ife. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn oníjìbìtì ń fi omi èso igi mìíràn pa wáìnì Douro láró kí ó lè pọ́n. Orúkọ ọtí náà bàjẹ́, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1756, ìjọba Pọtogí lábẹ́ àṣẹ ẹni tí a wá mọ̀ sí Marquis ti Pombal pa ààlà sí ilẹ̀ náà, wọ́n ri òpó òkúta mọ́lẹ̀ láti fi hàn án, wọ́n sì ní kí a fa igi èso tí wọ́n fi ń ṣe jìbìtì tu. Títí di òní, èdìdì ìjọba wà lọ́rùn ìgò Porto tòótọ́. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.

Àwa ńkọ́? A kò gbàgbé pé ọtí líle àti tábà láti Brazil wà lára ọjà tí wọ́n fi ra àwọn ènìyàn wa ní etíkun yìí. Ọtí àlejò ti pọ̀ lórí tábìlì wa láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ta ni ó ń ṣọ́ orúkọ tiwa? Ní ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú nítorí mẹtánọ́ọ̀lù, májèlé tí ó lè wà nínú ọtí líle tí a kò ṣe dáadáa tàbí tí a lú. Àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọtí gidi. Sodabì tí a sè pẹ̀lú ọgbọ́n àwọn àgbà kò yẹ kí ó jìyà ẹ̀ṣẹ̀ oníjìbìtì, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹni tí ó rà á fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́.

Ọ̀nà kò jìnnà. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ilẹ̀ Allada, èyí tí a ń pè ní pain de sucre, ti ní orúkọ tí àjọ OAPI dáàbò bò. Ohun tí ó ṣeé ṣe fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó ṣeé ṣe fún ọtí ọ̀pẹ. Kí àwọn tí ń sè é kó ara wọn jọ, kí wọ́n fẹnu kò lórí bí a ṣe ń sè é àti bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìlú wọn sára ìgò. Nígbà náà ni àwa náà yóò lè gbé ife kékeré tiwa fún àlejò, kí a sọ ibi tí ó ti wá àti ọwọ́ tí ó ṣe é, láìbẹ̀rù.