Ẹ má ju ilé oníke tó ti gbó nù: bí wọ́n ṣe ń fi kọ́ ilé mìíràn láìṣe ara léṣe

Ọ̀pọ̀ yín ló ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti lọ bá wọn tọ́jú ọmọ níbẹ̀ rí lè ti rí ilé kéékèèké oníke tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè ìṣeré. Inú páálí ni wọ́n ń tà á sí ní ègé-ègé, ẹni tó bá rà á ni yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọmọdé ń ṣe é, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì náà ń ṣe é. Tó bá wá gbó, wọn kì í jù ú nù. Wọ́n lè gé e, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ilé mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-iṣẹ́ Airfix, tí Nicholas Kove dá sílẹ̀ lọ́dún 1939, ṣe ilé kékeré kan tó dà bí ibi tí òṣìṣẹ́ rélùwéè ti ń darí ọkọ̀ ojú irin. Ilé gidi tó wà nílùú Oakham, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1899, ni wọ́n wò ṣe é. Pákó ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, fèrèsé ló pọ̀ lókè, àtẹ̀gùn sì wà níta. Tí ẹ bá gé ìsàlẹ̀ kúrò, tí ẹ gbé òkè onífèrèsé yẹn kalẹ̀, ó ti fẹ́ di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tíì nìyẹn.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ eruku ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ọ́n. Ìdá kan nínú 76 ilé gidi ni. Ẹni tó ga ní mítà 1.75 yóò jẹ́ mìlímítà 23, ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2 yóò sì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 26. Ilẹ̀kùn tí kò bá bá èyí mu ni yóò kọ́kọ́ tú àṣírí iṣẹ́ yín.

Tó bá di gígé, ẹ fi rúlà lé e, kí ẹ fa abẹ kọjá díẹ̀díẹ̀ lójú kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ike pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà kan ni kí ẹ fi dí ojú ilẹ̀kùn àtijọ́, kí ẹ sì fi ṣe tábìlì ìtajà. Páálí líle lásán tó fún ìbòrí iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Gọ́ọ̀mù ike kì í ṣe bíi gọ́ọ̀mù ìwé. Ńṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì, tí wọ́n á fi di ọ̀kan. Nítorí náà, kì í mú ibi tí ọ̀dà bá wà.

IBI TÍ EWU WÀ

Ohun tó ń yọ́ ike yẹn ló ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, òun náà lẹ sì ń fà símú. Ó lè fa orí fífọ́, òòyì àti èébì. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá rí dichloromethane níbẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀, nítorí ara èèyàn máa ń sọ ọ́ di carbon monoxide, irú èyí tó ń ti inú èéfín jẹnẹrétọ̀ pa èèyàn. Ewu rẹ̀ pọ̀ fún ẹni tó ní àrùn ọkàn.

Nígbà òtútù, àwọn èèyàn ibẹ̀ máa ń ti fèrèsé pa. Ẹ sọ fún bàbá yín pé kí wọ́n ṣí i, òtútù ì báà mú. Kí wọ́n má ṣe é ní yàrá tí wọ́n ń sùn, kí wọ́n má sì gbé iná tàbí sìgá súnmọ́ ọn. Kí aboyún àti ẹni tó ní ikọ́ asínmá jìnnà sí i.

Tí abẹ bá gé yín, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ gbé ọwọ́ sókè. Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, tí ìka kò ṣeé tẹ̀, tàbí tí ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ilé ìwòsàn yá.

Tí súpágúlù bá lẹ ìka méjì pọ̀, ẹ má fà á ya. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Tó bá kán sójú, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ má fipá ya ìpéǹpéjú, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Òjé wà nínú ọ̀dà àtijọ́ mìíràn, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má fi sáńdípépà gbígbẹ ha á. Ẹ rọra fi abẹ yọ ọ́ pẹ̀lú omi níbi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ nìkan. Ẹ má jẹun nídìí iṣẹ́, ẹ sì fọwọ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn rárá, torí ègé kékeré lè há a lọ́fun. Èyí tó ti dàgbà díẹ̀ lè bá yín wọn nǹkan, kó sì kun páálí. Ṣùgbọ́n abẹ àti gọ́ọ̀mù, ọwọ́ àgbà ni kó wà.