Ohun tí "Ẹ̀jẹ̀ Kò Tó" Bò Mọ́lẹ̀: Ẹ̀ṣọ́ Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Àrùn Jẹjẹrẹ

Obìnrin kan tí ó ń ta ọjà ní Sẹ̀mẹ̀, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ní ilé ìwòsàn kan ní ìgboro Èkó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà láìfún un lóògùn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Àwọn ẹbí rẹ̀ sáré ra oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń fún omi ẹ̀fọ́ ugu fún un mu. Kò sí ẹni tí ó là á yé wọn pé ẹ̀jẹ̀ pupa kọ́ ni ó dín. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ èdè, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo ni a fi ń sọ nǹkan méjì tí kò jọra.

Sẹ́ẹ̀lì funfun tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà ni neutrophil. Ẹ̀ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ni a ó máa pè é níhìn-ín. Mùdùnmúdùn egungun ni ó ń pèsè rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀mí rẹ̀ kì í sì í gùn. Bí kòkòrò àrùn bá gba ojú egbò wọlé, òun ni ó ń tètè dé ibẹ̀. A gbé e mì, tàbí kí ó tú okùn inú ara rẹ̀ síta bí àwọ̀n láti fi mú un. Ní 2004 ni àwọn onímọ̀ ní Berlin ṣàpèjúwe àwọ̀n yìí. (Ará etíkun kò nílò àlàyé lórí àwọ̀n.)

Ní ti jẹjẹrẹ, ojú méjì ni ẹ̀ṣọ́ yìí ní. Ó lè pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kókó jẹjẹrẹ tún lè fà á mọ́ra kí ó sì sọ ọ́ di ìránṣẹ́, tí yóò máa la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tuntun fún un, tí yóò sì máa dí àwọn ọmọ-ogun ara yòókù lọ́wọ́. Ìwádìí kan lára eku ní 2018 fi hàn pé bí èéfín tábà bá mú kí ẹ̀dọ̀fóró máa wú, àwọ̀n kan náà lè jí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ó ti ń sùn. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Oògùn jẹjẹrẹ a máa pa sẹ́ẹ̀lì tí ó ń yára pín, kò sì dá mùdùnmúdùn egungun sí. Bí ẹ̀ṣọ́ bá wá dín sí 500 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, àrùn kékeré lè di ikú. Ìdí nìyí tí aláìsàn tí ara rẹ̀ bá gbóná lásìkò ìtọ́jú fi gbọ́dọ̀ sáré dé ilé ìwòsàn, tí dókítà sì fi ń kà wọ́n kí ó tó fúnni lóògùn. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń lo 1,500 gẹ́gẹ́ bí ààlà.

Ṣùgbọ́n ara àwọn tí ìran wọn wá láti Yúróòpù ni a ti mú òṣùwọ̀n yẹn jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kò ní àmì Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa. Àìní yìí ni ó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ irú ibà kan, Plasmodium vivax. Ní 2009 ni ìwádìí fi hàn pé òun náà ni ó ń mú kí ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ wa kéré. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í mú kí àrùn tètè kọlù wá. Síbẹ̀, ó lè mú kí wọ́n sún ìtọ́jú síwájú, kí wọ́n dín oògùn kù, tàbí kí wọ́n yọ ènìyàn kúrò nínú ìdánwò oògùn tuntun.

Nígbà tí obìnrin wa lọ lẹ́ẹ̀kẹta, dókítà mìíràn yẹ àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ wò, ó rí i pé iye náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ó gba oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àbá wa ni pé kí á máa sọ pé "ẹ̀jẹ̀ pupa kò tó" tàbí "ẹ̀ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ kò tó", kí aláìsàn lè mọ èyí tí yóò bi dókítà.