Kí Ni A Ó Pè É Nígbà Tí Áàpù Bá Kọ Ẹ̀rọ-Ìpamọ́ Sílẹ̀?

Ìkéde kan ni ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ní ẹ̀rọ-ìpamọ́ aláìlówáyà kan tí kò gùn ju ìka lọ. Ìjálá tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní Wáífáì tirẹ̀, áàpù kan ni ó sì ń jẹ́ kí fóònù rí ohun tí a kó sí i. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é kéde pé òun kò ní tún áàpù náà ṣe mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan túmọ̀ rẹ̀ báyìí: ‘Ìtìlẹ́yìn fún ẹ̀rọ yìí ti dópin.’ Ẹni tí ń tọ́jú ohun-èlò wa kà á, ó ní, ‘Ó ti bàjẹ́ nìyẹn,’ ó sì jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a tètè débẹ̀.

A kò lè bá a wí. Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀: tì, ní, ẹ̀yìn. Ohun tí a fi òpó tì lẹ́yìn, bí a bá yọ òpó náà, wíwó ni yóò wó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ-ìpamọ́ kò fara ti áàpù. Ògbufọ̀ ni áàpù jẹ́ láàrin òun àti fóònù. Bí ògbufọ̀ bá kúrò láàfin, àlejò kò tìtorí bẹ́ẹ̀ yadi. Nígbà mìíràn, fóònù gan-an ni ó yí padà. Nígbà tí Apple gbé iOS 11 jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, áàpù oníbíìtì 32 tí a kò tún kọ kò ṣí mọ́ lórí rẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ tí irú áàpù bẹ́ẹ̀ ń gbẹnusọ fún.

Àmójútó ni àbá tiwa. Oko tí a kò mójú tó kì í pòórá lọ́jọ́ kan. Igbó ni ó ń bò ó díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí fi ewu náà hàn bí ó ti rí. Ọdún 2015 ni a tún ètò My Book Live ṣe kẹ́yìn (olókùn ni ẹ̀rọ-ìpamọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni). Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, olè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, fáìlì ọ̀pọ̀ ènìyàn sì pa rẹ́.

Ní ti áàpù náà, àwọn kan ti ń pè é ní ‘alábàárìn’. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. ‘Áàpù ògbufọ̀’ ni a fara mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lè takò wá, nítorí oríṣi ètò mìíràn wà tí orúkọ yìí yẹ. A ń retí èrò wọn.

Ẹ̀rọ tiwa ní ẹnu USB. A kì í bọ kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìjálá náà pé. Ìkéde tí a lẹ̀ mọ́ ara àpótí ohun-èlò báyìí kà pé: ‘Ilé-iṣẹ́ kò mójú tó áàpù yìí mọ́. Fáìlì ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.’