Òjé Kì Í Bá Gáàsì Lọ

Ẹ̀rọ tó ń sọ èso jíjẹrà di gáàsì ti wà ní ọjà Ìkòsì ní Kẹtu l'Ékòó, kò sì sí ohun tó ní kí irú rẹ̀ má dé Ṣómólú àti Bàrígà. Gáàsì á jáde, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá kù sísàlẹ̀ táǹkì á di ajílẹ̀. Ó dára. Àmọ́ ìdọ̀tí ọjà èso kì í ṣe ẹgbẹ́ ìdọ̀tí Ṣómólú.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló gba àdúgbò Shipeolu àti Bajulaiye kan. Ẹ wo àkísà tí atẹ̀wé fi nu ẹ̀rọ: bàbà ló fún íǹkì búlúù ara rẹ̀ láwọ̀. Íǹkì aláwọ̀ wúrà tí wọ́n fi ń tẹ orúkọ tọkọtaya sára ìwé ìpè, lẹ́búlẹ́bú bàbà àti síǹkì ni. Òjé wà nínú àwọn íǹkì aláwọ̀ ìyeyè kan láyé àtijọ́. Àkísà yìí, bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú àti èèpo iṣu, inú àpò kan náà ni gbogbo wọn ti ń dúró de ọkọ̀ PSP tó ń kó ìdọ̀tí.

Inú táǹkì kò gba afẹ́fẹ́. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí á jẹ èèpo, wọ́n á sọ ọ́ di gáàsì. Wọn ò lè jẹ òjé. Àwọn kan gbà pé ohun tó bá ti jẹrà tán, májèlé inú rẹ̀ ti kú. Kòkòrò àrùn ló ń kú. Ọbẹ̀ tó ń gbẹ lórí iná, ṣé iyọ̀ rẹ̀ ń bá omi lọ ni?

Ká ní ìdọ̀tí wa, tí a bá sá a gbẹ, jẹ́ kílò 100, tí mílígíráàmù òjé 50 sì wà nínú kílò kọ̀ọ̀kan. Òfin ajílẹ̀ tí Yúróòpù ṣe lọ́dún 2019 fàyè gba 120, a ò tíì ṣẹ̀ nìyẹn. Kòkòrò jẹ kílò 60. Òjé ò dín: inú kílò 40 tó ṣẹ́kù ló kó sí, kílò kan sì ti di 125.

Lóòótọ́, imí-ọjọ́ inú táǹkì máa ń di irin wọ̀nyí mú, gbòǹgbò ò ní tètè rí wọn fà. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn wọ́n lóko, ìdè náà á máa tú díẹ̀díẹ̀, pàápàá nínú ilẹ̀ tó ní ásíìdì. Kádímíọ̀mù, irin olóró mìíràn, ló yá jù láti gòkè sínú ewé. Ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ń fà á ju tòmátì lọ. Tó bá wọ kíndìnrín ènìyàn, ó lè lò ju ọdún 10 lọ níbẹ̀. Òjé kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè ní tirẹ̀. Erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ tí a ò fọ̀ dáadáa ló ń bá wọ ẹnu ọmọdé, ọpọlọ ọmọ ló sì ń bà jẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ẹnu àpò ìdọ̀tí niṣẹ́ wà. Kí àkísà íǹkì àti bátìrì ní àpò tiwọn lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń po ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ ìdọ̀tí inú táǹkì náà, kó fura, nítorí wọ́n ń fi síǹkì àti bàbà sí oúnjẹ adìyẹ. Kí ẹni tó fẹ́ ta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sá díẹ̀ gbẹ, kó gbé e lọ sí láàbù kó tó tà á. Èyí tí kò bá yege, ìdí òdòdó ni kí wọ́n dà á sí, kì í ṣe ìdí ẹ̀fọ́.