Omi àti Ilẹ̀ Pákó Nínú Ilé Orí Táyà

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irú ọkọ̀ kan wà tí ó jẹ́ ilé. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà nínú rẹ̀, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Òmíràn ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Òmíràn kò ní, mọ́tò ni ó ń fà á. A ó máa pè é ní ilé orí táyà nínú ọ̀rọ̀ wa yìí.

Àwọn kan ń lò ó fún ìgbafẹ́ nígbà ọlidé. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí kò ní ilé kankan yàtọ̀ sí i. Àwọn àgbàlagbà tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ a máa ta ilé wọn, wọ́n á fi owó rẹ̀ ra ilé orí táyà, wọ́n á sì máa gbé inú rẹ̀ láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn. Lẹ́yìn ìjì líle Katrina ní ọdún 2005, ìjọba Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀ ìdílé tí omi lé kúrò nílé sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí omi bá ba ilé yìí jẹ́, ẹ má ṣe rò pé ohun ìṣeré olówó ló bàjẹ́. Ibi tí ẹlòmíràn ń sùn ni.

Agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìṣòro tí ó kọ́kọ́ wà ni pé inú wọn há. Òfin títì kò gbà kí ọkọ̀ fẹ̀ ju bí ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ààbọ̀ lọ. Ní ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ Newmar ní ìlú Nappanee, ní Indiana kan náà, gbé ilé orí táyà tí ó ní yàrá àtìjáde wá sọ́jà. Láti ìgbà náà ni yàrá àtìjáde ti gbilẹ̀.

Kí ni yàrá àtìjáde? Ẹ ronú sí dúróọ̀ tábìlì. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, dúróọ̀ náà wà nínú. Bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n fẹ́ sùn, wọ́n á tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ á sì ti apá kan yàrá náà jáde, àti ògiri, àti òrùlé, àti ilẹ̀, pẹ̀lú sófà tàbí bẹ́ẹ̀dì tí ó wà lórí rẹ̀. Ibi tí ènìyàn méjì kò ti lè kọjá lára wọn á wá di pálọ̀. Ohun dáadáa ni.

Àmọ́ dúróọ̀ kò lè wọlé kí ó sì jáde láìní àlàfo yí ká. Àlàfo yìí ni gbogbo ẹjọ́ wa. Rọ́bà ni wọ́n fi ń dí i. Rọ́bà kan wà tí inú rẹ̀ ṣófo bí okùn ìfami. Bí yàrá bá ti jáde tán tàbí tí ó wọlé tán, ó máa ń tẹ̀ pa, á sì dí ojú àlàfo. Òmíràn dà bí ètè. Òun ni ó ń nu ara yàrá bí ó ti ń wọlé, bí rọ́bà tí ń nu gíláàsì mọ́tò nígbà òjò. Nígbà tí wọ́n ṣì wà ní tuntun, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa gbẹ rọ́bà, rọ́bà a sì máa sán. Igun ni ó tètè ń sán jù, níbi tí rọ́bà méjì ti pàdé. Omi kì í sábà gba àárín wọlé. Igun ni ó ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ yàrá náà wàyí. Lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí líno, pákó ló wà. Kì í ṣe pákó odindi tí a là lára igi. Ìyẹn á wúwo jù. Pákó àlẹ̀pọ̀ ni wọ́n ń lò. Ọ̀kan ni pílàìwúùdù tí gbogbo wa mọ̀, awẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi gáàmù lẹ̀ mọ́ra wọn. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní OSB: èérún igi pẹlẹbẹ tí wọ́n da gáàmù àti ìda díẹ̀ sí, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ pọ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì le dáadáa bí ó bá gbẹ.

Bí ó bá gbẹ, la wí. Igi dà bí ìdì koríko tí inú rẹ̀ ṣófo. Bí omi bá dà sí ẹ̀yìn pákó, kò tètè wọlé. Ṣùgbọ́n bí omi bá kan etí pákó níbi tí ayùn ti gé e, ẹnu àwọn ihò tín-tìn-tín náà ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì fa omi náà bí òwú fìtílà ti ń fa epo. Ẹ̀yin náà ti rí ilẹ̀kùn tí ń ṣí wẹ́rẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó wá há nígbà òjò. Igi ló mu omi, ló wú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé, ilẹ̀kùn á padà sípò. OSB kì í padà. Agbára ni wọ́n fi tẹ èérún rẹ̀ pọ̀. Bí omi bá dé ibẹ̀, èérún kọ̀ọ̀kan á wú bí gààrí inú abọ́, á sì já kúrò lára gáàmù tí ó dì í mú. Bí ó tilẹ̀ gbẹ lẹ́yìn náà, etí rẹ̀ á nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì ní lágbára mọ́.

Báwo wá ni omi ṣe ń dé etí pákó tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá? Òjò ń rọ̀ sára ògiri yàrá, omi ń ṣàn bọ̀ láti òkè. Nígbà tí ó bá dé etí ìsàlẹ̀, ènìyàn á rò pé yóò kán sílẹ̀, yóò sì parí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń kán. Ẹ da omi díẹ̀díẹ̀ láti inú kọ́ọ̀pù, ẹ ó rí i pé omi á lẹ̀ mọ́ ara kọ́ọ̀pù, á sì tọ̀ ọ́ lọ sí ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi òjò ṣe ń lẹ̀ mọ́ etí ògiri, tí ó ń yí lọ sábẹ́ ilẹ̀. Bí ẹni tí ó kàn án kò bá kun etí pákó, tí ó kàn fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ àti síkúrù bò ó, omi ti délé nìyẹn. Síkúrù pàápàá jẹ́ ọ̀nà fún un: omi á tọ ihò rẹ̀ wọ inú pákó, síkúrù á dípẹtà, ihò á gbòòrò, síkúrù á sì máa mì bí eyín àgbà. Ní ojú tiwa, etí pákó tí a kò kùn yìí ni olórí ọ̀ràn, ó ju rọ́bà lọ.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Wọ́n sábà máa ń fi ike dúdú bo abẹ́ ilẹ̀ náà. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, yàrá náà ń gun orí àwọn àgbá irin kéékèèké wọlé. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá há síbẹ̀, á fa ike náà ya, omi tí táyà ń ta sókè lójú títì á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ike tí ó yẹ kí ó dáàbò bo pákó á wá di àpò omi, pákó kò sì ní ríbi gbẹ. Omi àti ewé tí ó kó jọ sórí òrùlé yàrá náà a máa bá a wọlé bí wọn kò bá gbá a kúrò. Ní ìhà àríwá, òtútù máa ń sọ omi inú pákó di yìnyín, bẹ́ẹ̀ yìnyín fẹ̀ ju omi lọ ní bí ìdá 9 nínú 100, ó ń ya pákó láti inú.

Omi nìkan kọ́ ló ń mú pákó jẹrà. Olú ni. Kì í ṣe olú tí à ń sè lọ́bẹ̀ o, ìbátan rẹ̀ ni, èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kì í rí i nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí omi inú igi kò bá tó ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n igi gbígbẹ, olú yìí kò lè rí i jẹ. Bí ó bá tó nǹkan bí ìdá 30, ó ti ríbi gbé.

Èyí tí ó burú jù ni pé ẹni tí ó ń gbé inú ilé kì í tètè mọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì wà lókè, ike wà nísàlẹ̀, àárín ni ìdíbàjẹ́ wà. Lọ́jọ́ kan ẹsẹ̀ á rì. Ògiri yàrá náà orí ilẹ̀ yìí ló dúró lé, nítorí náà yàrá á sọ̀ kalẹ̀ lápá kan, á máa há bí wọ́n bá fẹ́ tì í wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò ìbánigbófò kì í san owó lórí rẹ̀, nítorí wọ́n ní jàǹbá òjijì ni àwọn ń sanwó fún, kì í ṣe ohun tí ó jẹrà díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó ti yàrá jáde, kí ó mú tọ́ọ̀ṣì, kí ó sì dùbúlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Kí ó fi ìka tẹ etí rẹ̀ yí ká, pàápàá ní igun. Níbi tí ó bá rọ̀, kí ó fi ìyísíkúrù gún un díẹ̀. Pákó tí ó yè kò ní jẹ́ kó wọlé, èyí tí ó ti jẹrà á gbà á bí ẹ̀bà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ó ní abẹ́rẹ́ méjì, tí ó ń sọ iye omi tó wà nínú pákó. Kò wọ́n púpọ̀. Imú náà wúlò: bí ilé bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, nǹkan wà ńbẹ̀.

Bí ìbàjẹ́ náà kò bá pọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà, wọ́n á dí i. Wọ́n á tú ike, wọ́n á fi fáànù fẹ́ pákó fún ọjọ́ púpọ̀ títí á fi gbẹ. Wọ́n á gbẹ́ èyí tí ó jẹrà kúrò, wọ́n á wá da ípọ́kísì ṣíṣàn sí ìyókù kí ó lè le. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé líno tuntun tó. Líno lórí pákó jíjẹrà, aṣọ tuntun lórí egbò ni. Bí ó bá ti bàjẹ́ jìnnà, wọ́n á gbé ilẹ̀ náà jáde pátá, wọ́n á fi pílàìwúùdù tí gáàmù rẹ̀ kì í bẹ̀rù omi rọ́pò rẹ̀, wọ́n á sì kun gbogbo etí rẹ̀ àti ihò síkúrù kọ̀ọ̀kan ní ípọ́kísì kí wọ́n tó dá a padà. Iṣẹ́ tó gbówó lórí ni, torí ògiri yàrá náà ní láti ní ohun tí yóò gbé e dúró títí wọ́n á fi ṣe tán.

Ìtọ́jú rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n máa nu rọ́bà pẹ̀lú ọṣẹ àti omi, kí wọ́n fi ohun tí a ṣe fún rọ́bà pa á, kì í ṣe gírísì ẹ́ńjìnnì, nítorí epo rọ̀bì a máa ba irú rọ́bà yẹn jẹ́. Kí wọ́n gbá òrùlé yàrá náà kí wọ́n tó tì í wọlé. Kí wọ́n má sì fi sílíkónì di gbogbo ojú ìsàlẹ̀ pa, torí omi tí ó bá wọlé láti òkè kò ní ríbi jáde.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ̀yìn òjò ni kí ó lọ wò ó. Kí ó ní kí wọ́n ti yàrá náà jáde kí wọ́n sì tì í wọlé níṣojú rẹ̀, kí ó tó ka owó kankan sílẹ̀.