Òǹtẹ̀ Ara Ọ̀bẹ: Ta Ló Rọ Ọ́, Níbo Ni A Ti Rọ Ọ́?

Ní ọjà Ìkọ̀lé tàbí ti Ọ̀yẹ́, orí àtẹ kan náà ni a ti lè bá ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ ìlú rọ àti ọ̀bẹ àpò tí a kó ti òkè òkun wá, èyí tí a máa ń ṣẹ́ pọ̀ sínú èèkù rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò ní ọ̀rọ̀ kankan lára. Ẹni tí ó fẹ́ rà á yóò fi èékánná ta irin rẹ̀ kí ó lè gbọ́ bí ó ti ń dún, yóò sì béèrè pé ọwọ́ ta ni ó ti jáde wá. Ti èkejì ní ọ̀rọ̀ lára: orúkọ kan, àwòrán ẹranko kan bóyá, àti orúkọ orílẹ̀-èdè kan. Bí a bá ní kí a fi Yorùbá pe gbogbo nǹkan wọ̀nyí, "àmì" nìkan ni ó máa ń tètè wá sí wa lẹ́nu. Èrò wa ni pé "àmì" nìkan kò tó, nítorí pé ohun tí ọ̀kan ń jẹ́rìí sí kọ́ ni èkejì ń jẹ́rìí sí, ẹni tí kò bá sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò san owó fún ohun tí kò rà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn wà tí iṣẹ́ àfipawọ́ wọn jẹ́ kíkó ọ̀bẹ àpò jọ. Ibi tí irú wọn kọ́kọ́ máa ń wò ni ìdí irin ọ̀bẹ, níbi tí ó ti wọ inú èèkù. Ibẹ̀ ni a sábà máa ń tẹ orúkọ sí nígbà tí irin ṣì rọ̀, kí a tó fi iná àti omi tàbí epo sọ ọ́ di líle. Nítorí náà ni "òǹtẹ̀" fi bá a mu gan-an: títẹ̀ ni a tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àmì ni a tẹ̀. A máa ń fi ásíìdì kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ irin lẹ́yìn tí ó ti le tán, ìyẹn kì í sì í ṣe òǹtẹ̀. Ẹ jẹ́ kí "àmì" jẹ́ orúkọ àpapọ̀, kí "òǹtẹ̀" jẹ́ ti èyí tí a tẹ̀, kí "àmì ásíìdì" sì jẹ́ ti èkejì. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe eré. A lè fi àmì ásíìdì sí ara ọ̀bẹ ní ọjọ́kọ́jọ́. Òǹtẹ̀ ṣòro láti fi kún irin líle láìjẹ́ pé irin náà sán. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dàlẹ̀ kan máa ń ha òǹtẹ̀ àtijọ́ kúrò kí wọ́n sì tẹ òmíràn dípò rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan nínú àwọn akóbẹjọ fi ń sọ pé ọ̀bẹ tí kò ní òǹtẹ̀ kò níye lórí, tí àwọn mìíràn sì ń dá wọn lóhùn pé òǹtẹ̀ ni ohun tí ó yẹ kí a wò kẹ́yìn, lẹ́yìn irin, èèkù àti bí ọ̀bẹ ti ń ṣí tí ó sì ń padé. Ọ̀dọ̀ àwọn ti ìkẹyìn ni mo wà.

Òǹtẹ̀ arọ̀bẹ ni ó lọ́jọ́ lórí jù. Òfin ọdún 1624 ni ó dá Ẹgbẹ́ Àwọn Arọ̀bẹ ti Hallamshire sílẹ̀ ní Sheffield, ẹgbẹ́ yìí ni ó sì ń fún arọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan ní òǹtẹ̀ tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ lò. Ìràwọ̀ àti àgbélébùú tí ilé-iṣẹ́ Joseph Rodgers fi di olókìkí ti wà láti 1682. Òǹtẹ̀ ìlú-orísun dé lẹ́yìn, ìjà ni ó sì bí i. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn kan ní Jámánì ń tẹ orúkọ Sheffield sí ara ọ̀bẹ tiwọn. Ní 1887 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lòdì sí i, tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀rọ̀ náà "Made in Germany" káàkiri. Wọ́n rò pé ẹ̀gàn ni yóò jẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi di ìyìn. Nígbà tí ó yá, orúkọ Solingen pàápàá di ohun tí a ń jí lò, títí tí òfin Jámánì ti 1938 fi sọ ọ́ di ti ọ̀bẹ tí a bá ṣe ní agbègbè ìlú náà nìkan.

Ibí ni a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ní ilẹ̀ tiwa. Òfin owó-orí ọjà tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1890, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1891, pàṣẹ pé kí orúkọ orílẹ̀-èdè tí a ti ṣe ọjà hàn lára rẹ̀. Láti inú èyí ni àwọn akóbẹjọ ti fa ìlànà kan yọ: ọ̀bẹ Sheffield tí kò bá ní "England" lára ti ṣáájú 1891. Ṣùgbọ́n ọjà tí ń wọ Amẹ́ríkà ni òfin náà dè. Ọkọ̀ ojú omi tí ń bọ̀ ní Èkó kò sí lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan ní Ìdó bá bá irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ nínú àpótí bàbá rẹ̀ àgbà, kí ó má ṣe tìtorí òǹtẹ̀ tí kò sí sọ ọ́ di ohun àtijọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Lẹ́tà orúkọ ọba pẹ̀lú adé sàn ju èyí lọ bí ẹ̀rí: VR kò lè kọjá àkókò ọbabìnrin Victoria, tí ó kú ní 1901. Ètò tí ó ṣe kedere jù lọ ni ti ilé-iṣẹ́ Case ní Amẹ́ríkà. Ní 1970, wọ́n tẹ àmì tó-tò-tó mẹ́wàá sí abẹ́ orúkọ wọn, wọ́n sì ń yọ ẹyọ kan kúrò lọ́dọọdún.

Òǹtẹ̀ arọ̀bẹ àti òǹtẹ̀ ìlú-orísun kò tíì tán ọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ Schrade ti Amẹ́ríkà kógbá sílé ní 2004. Ẹlòmíràn ra orúkọ náà, ó sì ń jẹ́ kí a ṣe ọ̀bẹ ní Ṣáínà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí irọ́ nínú èyí níwọ̀n ìgbà tí "China" bá hàn lára ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò jẹ́ òǹtẹ̀ arọ̀bẹ mọ́. Òǹtẹ̀ olórúkọ ni mo dábàá pé kí a máa pè é. Òfin àmì ọjà ti Nàìjíríà, ti 1965, bá ìrònú yìí lọ: ẹni tí ó ni àmì ni ó ń dáàbò bò, yálà òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ṣe ọjà náà tàbí òun kọ́.

Ọ̀rọ̀ "Stainless" ńkọ́, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lórí àtẹ? Àwọn kan máa ń pè é bí ẹni pé orúkọ arọ̀bẹ ni. Irú irin ni ó ń sọ, irin tí kì í tètè dógùn-ún. Àpèjúwe irin ni, kò sọ ẹni tí ó ṣe é tàbí ibi tí a ti ṣe é. A kò lè dá àwọn olùrajà lẹ́bi, nítorí àwọn arọ̀bẹ fúnra wọn da nǹkan pọ̀. Karl Elsener ti Switzerland fi orúkọ ìyá rẹ̀, Victoria, sí ara ọ̀bẹ lẹ́yìn ikú ìyá náà ní 1909. Ní 1921 ni a so orúkọ irin tí kì í dógùn-ún mọ́ ọn, tí ó fi di Victorinox. Ìyá àti irin wà nínú òǹtẹ̀ kan ṣoṣo!

Ó ku ọ̀bẹ tí kò ní ọ̀rọ̀ lára. Ìrè, níbi tí ìtàn fi Ògún Onírè sí, kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ gan-an ni ó wà. Alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa kì í tẹ orúkọ sí iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ń rà á mọ ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ní ìhà gúúsù Èkìtì, tí ó kú ní 1938: ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni a fi ń dá ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ìkéré mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ máa ń kúrò nílùú. Bí ó bá dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, "ọ̀bẹ Yorùbá" ni wọn yóò kọ síwájú rẹ̀, arọ̀bẹ yóò sì di ẹni tí kò sí. Nítorí náà, lórí káàdì tí a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe kọ "kò ní òǹtẹ̀" kí a sì dákẹ́. Kí a kọ "ọwọ́ arọ̀bẹ" sí ìlà àkọ́kọ́, kí a sì ṣe àpèjúwe ohun tí ojú rí: bí ẹ̀yìn irin ti nípọn tó, bí ìdí rẹ̀ ti wọ inú igi, ibi tí owú ti bà á tí a kò dán. Kí ìlà kejì jẹ́ "ẹ̀rí ẹni tí ó ni ín": ọwọ́ ta ni ó ti rà á, ní ìlú wo, ní àkókò wo. A gbọ́dọ̀ béèrè ti ìlà kejì yìí kí ẹni tí ó rà á tó kú.