Ẹ fẹ́ wọkọ̀ ojú omi lọ ṣe fàájì ní Tarkwa Bay tàbí Àgbádárìgì? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ rèé kẹ́ ẹ tó kúrò n'Íbàdàn

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ ló máa ń gbẹnu ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ní Gbági. Ẹgbẹ́ alájọ á dá owó jọ, àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí á háyà bọ́ọ̀sì, ó di Èkó. Etíkun ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n àwọn etíkun kan wà tí bọ́ọ̀sì ò lè dé, àfi ọkọ̀ ojú omi.

Àwa ará Ìbàdàn rèé, ìlú olókè ni tiwa. Ògùnpa, Ọ̀nà àti odò Ẹlẹ́yẹlé ni omi tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. A kúkú mọ ohun tí omi lè ṣe, torí àwọn àgbà Bẹẹrẹ àti Mápó ò tíì gbàgbé omíyalé Ògùnpa tó ṣẹlẹ̀ ní August 31, 1980. Àmọ́ ká mọ omi tó wá bá wa nílé yàtọ̀ sí ká mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ lórí omi. Ìdí nìyẹn tá a fi ní ká la ọ̀rọ̀ yìí yé ara wa.

Ibo gan-an làwọn èèyàn ń lọ?

Ibi méjì ló gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Àkọ́kọ́ ni Tarkwa Bay, tó wà lẹ́nu ibi tí òkun ti wọ ọ̀sà Èkó. Kò sí títì, kò sí afárá tó débẹ̀. Òkúta ńláńlá tí ìjọba amúnisìn tò sẹ́nu òkun níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ló ń gba ìgbì, ìyẹn ni omi ibẹ̀ ò fi le tó ti etíkun yòókù. Lóṣù January ọdún 2020 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ gbafẹ́ ṣì ń lọ.

Èkejì ni erékùsù Gberefu, tó dojú kọ ìlú Àgbádárìgì. Ọ̀sà wà níwájú rẹ̀, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sọ́kọ̀ láyé ìjọ́un, tí wọ́n fi ń pè é ní ibi àlọ-àìbọ̀. Èèyàn á kọjá ọ̀sà, á wá fẹsẹ̀ rin yanrìn títí dé etí òkun.

Báwo lèèyàn ṣe ń débẹ̀?

Ẹni tó bá ń lọ Tarkwa Bay lè wọ rélùwéè ní Móníyà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu lóṣù June ọdún 2021, kó bọ́ sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: èbúté. Èbúté Mẹ́ta, Èbúté Èrò, gbogbo orúkọ wọ̀nyí ló ń sọ fún wa pé ọkọ̀ ojú omi ni Èkó fi ń rìn kí afárá tó dé. Láti ibẹ̀, ẹ ó wọkọ̀ lọ sí èbúté tí ọkọ̀ Tarkwa Bay ti ń gbéra ní Erékùsù Èkó tàbí Victoria Island. Ti Àgbádárìgì, ojú títì lẹ máa gbà dénú ìlú kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ ojú omi.

Ṣé ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn?

Rárá o. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ọkọ̀ ńlá tó ń jẹ́ LAGFERRY, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun lóṣù February ọdún 2020. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ àtàwọn tó ń bọ̀ ló sábà máa ń gbé. Ọkọ̀ aládàáni, àwọn kéékèèké tí ẹ́ńjìnnì wà nídìí wọn, ló sábà ń gbé àwọn tó ń lọ gbafẹ́. Irú ọkọ̀ yìí yára, ó sì fúyẹ́. Nítorí pé ó fúyẹ́ yìí náà ni àpọ̀jù èrò fi tètè ń ṣe é ní jàǹbá.

Kí ló ń fa jàǹbá?

Àpọ̀jù èrò ni olórí rẹ̀. Bí ẹrù bá ti pọ̀ jù, ọkọ̀ á wọlé sínú omi ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbì kékeré á máa rọ́ wọlé. Bí èrò méjì mẹ́ta bá wá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè dojú dé.

Kì í ṣe ọkọ̀ kékeré nìkan. Ní September 26, 2002, ọkọ̀ ìjọba Senegal kan, Le Joola, kúrò ní Ziguinchor, ó dúró ní erékùsù Carabane, ó sì ń lọ sí Dakar. Èrò bíi 550 ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tó kú nínú ẹ̀ lé ní 1,800. Nígbà tí ìjì dé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi dojú dé. Èèyàn 64 péré ló yọ.

Nílé wa níbí, ní June 2023, àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó kó sínú ọkọ̀ ní agbègbè Pàtígì, ní Kwara. Òru ni, èrò sì pọ̀. Èèyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ. Ẹ ò rí i pé ibi àríyá ni wọ́n ti ń bọ̀, bíi tẹni tó lọ gbafẹ́ gan-an.

Koríko orí omi tún wà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí lágbègbè Àgbádárìgì lọ́dún 1984. Ó máa ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì máa ń bo igi tó léfòó mọ́lẹ̀. Awakọ̀ tó bá ń rìn lálẹ́ ò lè rí ìkankan nínú wọn.

Kí lẹ máa yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó wọlé?

Ẹ wọkọ̀ ní èbúté tí ìjọba mọ̀, kì í ṣe ẹ̀bá omi kan ṣá. LASWA ló ń mójú tó ti ìpínlẹ̀ Èkó, NIWA ni ti ìjọba àpapọ̀.

Ẹ béèrè iye èrò tí ọkọ̀ náà ń gbé, kẹ́ ẹ sì ka orí ara yín. Ẹ rí i pé wọ́n kọ orúkọ gbogbo yín sílẹ̀.

Ẹ gba láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì wọ̀ ọ́. Ẹ má fi jókòó, ẹ má gbé e sórí itan. Ẹ di gbogbo okùn rẹ̀. Bí wọ́n bá fa èjìká rẹ̀ sókè tó sì kọjá àgbọ̀n yín, ó tóbi jù nìyẹn. Ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà.

Òwúrọ̀ ló dáa jù, torí afẹ́fẹ́ sábà máa ń le sí i lọ́sàn-án. Ẹ bá awakọ̀ ṣe àdéhùn àbọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lọ́hùn-ún. Ẹ sanwó àbọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá padà dé.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ dì í mú, ẹ má lúwẹ̀ẹ́ kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ tó léfòó rọrùn láti rí ju orí èèyàn kan lọ.

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fún ara yín ńkọ́?

Ibí lọ̀rọ̀ wà. Ẹgbẹ́ ti dáwó, oúnjẹ ti wà nínú kúlà, awakọ̀ ní "ẹ sún mọ́ra, a máa tó débẹ̀." Ojú á wá máa ti olórí ẹgbẹ́ láti sọ pé òun ò lọ mọ́, kí wọ́n má baà pè é lójo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ pín ara yín sí ọkọ̀ méjì, owó díẹ̀ ló máa ná yín. Kẹ́ ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn, wákàtí kan ni. Àwọn àgbà ní kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Èbúté gan-an ni ẹsẹ̀ yẹn ti wúlò jù, torí lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbéra, kò síbi téèyàn máa fẹsẹ̀ rìn sí.